Bí iná ṣe ń da ìṣirò rú: wíwo síísìn mọ́jú ní Èkó àti àwọn tó ń ṣèwádìí rẹ̀

Síísìn tí Netflix bá ṣe fúnra rẹ̀ sábà máa ń jáde ní agogo méjìlá òru ní ìlú Los Angeles. Ní Èkó, ìyẹn já sí agogo mẹ́jọ àárọ̀ lásìkò tí àwọn ará ibẹ̀ bá ti sún aago wọn síwájú fún ìgbà ooru, àti agogo mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n bá dá a padà. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland Bridge. Ẹni tí kò bá jáde lọ́jọ́ náà lè ti wo ẹ̀písóòdù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ẹni tó kú àti ẹni tó dalẹ̀ ọ̀rẹ́ á sì ti gba orí WhatsApp kan kí àwọn tó lọ síbi iṣẹ́ tó délé. Ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí tí ènìyàn fi ń wo síísìn mọ́jú, ìyẹn wíwo ọ̀pọ̀ ẹ̀písóòdù tẹ̀léra, nìyẹn: kí ẹlòmíì má bàa kọ́kọ́ sọ òpin ìtàn fún un.

Ìwà yìí ti di ẹ̀kọ́ gidi ní yunifásítì. Ní 2015 ni ilé-iṣẹ́ atúmọ̀-èdè Collins fi orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é, binge-watch, ṣe ọ̀rọ̀ ọdún náà. Mareike Jenner, onímọ̀ nípa tẹlifíṣọ̀n, kọ ìwé kan lórí Netflix ní 2018, ó sì kó iṣẹ́ àwọn olùwádìí mìíràn jọ sínú ìwé kan lórí ìwà yìí gan-an ní 2021. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi ṣe próójẹ́ẹ̀tì ní Akoka (UNILAG) tàbí ní Ọ̀jọ́ (LASU), orí irú ìwé báwọ̀nyí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìṣirò tí àwọn olùwádìí ń lò gbà pé òǹwòran jókòó, ó wo iye ẹ̀písóòdù tó wù ú, ó sì dìde nígbà tó wù ú. Ní Mushin, ní Èbúté-Mẹ́ta, ní Ọbáléndé, kì í ṣe òǹwòran ló máa ń sọ ìgbà tí ìjókòó parí. NEPA ni. Tí kì í bá ṣe NEPA, dátà ni.

Kí ni wọ́n ń kà gan-an? Ní 2013, Netflix gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Harris pé kó bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè. Ẹni 73 nínú 100 sọ pé ohun tó ń jẹ́ binge-watch ni wíwo ẹ̀písóòdù 2 sí 6 nínú síísìn kan náà ní ìjókòó kan. Àwọn onímọ̀ kan ò gba 2. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tó 3. Àwọn mìíràn ń fi wákàtí wọ̀n ọ́n. Ẹ kíyè sí ẹni tó sanwó fún ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn: ẹni tó ń ta ọjà náà ni. Tí 2 bá ti tó, gbogbo ayé ló ń ṣe é, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi fíìmù wa dán ìṣirò yìí wò. Ẹ̀písóòdù 3 tó jẹ́ ìṣẹ́jú 22 lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 6. Ẹni tó wò ó tán ti wọ ìwé àwọn onímọ̀. Fíìmù Yorùbá kan lórí YouTube lè gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40. Ẹni tó wò ó tán kò wo ju fíìmù kan lọ, wọn ò ní kà á. Tó bá wá jẹ́ pé apá kìíní àti apá kejì ni, tí ìyá kan ní Agége wo méjèèjì tẹ̀léra, ṣé ẹ̀písóòdù 2 ni ká pè é, àbí fíìmù kan tí wọ́n là sí méjì? Ìwé ìbéèrè tí kò bá ní àyè fún irú ìdáhùn yìí yóò ka ẹni tó fi wákàtí mẹ́ta gbáko wo fíìmù bí ẹni tí kò wo nǹkan kan.

Ìtàn apá kìíní àti apá kejì yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí fíìmù Yorùbá kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí VCD, síídì kan kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Ìtàn tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ di síídì méjì. Àwọn tó ń ta fíìmù ní Ìdúmọ̀tà ò pẹ́ rí i pé síídì méjì tí wọ́n tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ń pa owó ju síídì méjì nínú páálí kan lọ, ni wọ́n bá kọ́ bí a ṣe ń dá ìtàn dúró síbi tó ti dùn jù. Ẹni tó bá lówó á ra méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, á sì fi òru kan jẹ ẹ́ tán.

Ní Alábà ńkọ́? DVD ayédèrú kan lè kó fíìmù Amẹ́ríkà mẹ́wàá tàbí odindi síísìn sínú. Lẹ́yìn náà ni flash dé, tí àwọn ọmọ Computer Village ní Ìkẹjà ń bá ènìyàn kó síísìn sórí rẹ̀. Fáìlì ẹ̀písóòdù oníṣẹ́jú 45 sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 350 MB láyé ìgbà náà, torí náà ẹ̀písóòdù 22 jẹ́ 7,700 MB. Flash tí wọ́n kọ 8 GB sí lára kì í gbà tó bẹ́ẹ̀ tí kọ̀ǹpútà bá kà á, ẹ̀písóòdù tó kẹ́yìn ló sì máa ń ku síta. Ẹ má rò pé àwàdà ni; ẹni tó bá ti wo 21 mọ bó ṣe rí. Títí di òní, ohun méjì ló máa ń yọ ẹni tó ń fi flash wo fíìmù lẹ́nu. Ọ̀kan: flash tí wọ́n fọ́máàtì sí FAT32, ètò àtijọ́ kan fún títo fáìlì, kì í gba fáìlì kan tó bá ju 4 GB lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 20 GB ṣì ṣófo lórí rẹ̀. Èkejì: tí ohùn bá ń jáde láìsí àwòrán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé H.265, ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń mú kí fáìlì fúyẹ́, ni wọ́n fi ká fáìlì náà, tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n kà. Brian Larkin, nínú ìwé tó kọ lórí Kano ní 2008, ti ṣàlàyé pé ọ̀nà tí ayédèrú ń gbà dé ọwọ́ ènìyàn ló ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ máa rí àti bó ṣe máa rí i. Ọ̀rọ̀ yẹn bá Èkó mu pátápátá. Netflix kò dé Nàìjíríà títí di oṣù kìíní 2016, wíwo síísìn mọ́jú sì ti gbó ní ìlú yìí kó tó dé.

Ṣáájú gbogbo ìyẹn, ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn eré. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. The Village Headmaster bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968. Checkmate tí Amaka Igwe kọ dé ní 1991. Super Story ti Wale Adenuga dé ní 2001, agogo mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sì ni tirẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù tọ̀sẹ̀ yìí, ẹnu aládùúgbò ni yóò ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ méje yẹn wúlò fún òǹkọ̀wé eré, torí ó ń fún àwọn ènìyàn láyè láti jiyàn, láti méfò, láti bínú sí ìyá ọkọ inú eré bí ẹni pé ó ń gbé ní yàrá kejì.

Ní 1974, Raymond Williams, onímọ̀ ará Wales, ṣàlàyé pé ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń tà fún ènìyàn kì í ṣe ètò kọ̀ọ̀kan bí kò ṣe ìṣàn: ìròyìn wọnú ìpolówó, ìpolówó wọnú eré, kí òǹwòran má bàa rí ibi tó ti máa dìde. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìṣàn yìí lóde òní, kó wọ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Balógun níbi tí Africa Magic Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dálẹ́. Fíìmù mẹ́rin tàbí márùn-ún lè kọjá lójú ìyálọ́jà náà lóòjọ́. Ó ń wọn aṣọ, ó ń ná ọjà, ó ń gbójú sókè tí ẹnì kan bá figbe ta nínú fíìmù. Wákàtí tó lò níwájú tẹlifíṣọ̀n lè ju ti ọmọ rẹ̀ tó ń wo síísìn mọ́jú lọ. Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ìyá ò yan ohun tó ń wò, ọmọ yàn án. Yíyàn yẹn, pé òǹwòran ló ń ṣètò àkókò fúnra rẹ̀, ni Jenner gbé ka ọ̀pọ̀ àlàyé rẹ̀. Ohun tí áàpù wá ṣe ni pé ó dá ìṣàn padà sínú yíyàn náà. Òǹwòran ló mú ẹ̀písóòdù kìíní; ẹ̀rọ ló ń gbé ìkejì wá kí orúkọ àwọn òṣèré tó kọjá tán lójú.

Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ fi fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀? Netflix gbé odindi ẹ̀písóòdù 13 ti House of Cards jáde lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2013. Owó oṣooṣù ló ń gbà nígbà náà, kì í gba owó ìpolówó, torí náà kò nílò kó mú òǹwòran padà wá ní agogo mẹ́jọ Ọjọ́bọ̀. Ohun tó nílò ni kí ẹni náà máa sanwó lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ihò kan wà lára ètò náà: ẹni tó bá wo gbogbo rẹ̀ tán ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lè san oṣù kan péré, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í la síísìn sí méjì nìyẹn. Apá kìíní Stranger Things ẹlẹ́ẹ̀kẹrin jáde ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 2022, ìyókù jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù keje. Bridgerton ẹlẹ́ẹ̀kẹta jáde ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 2024, ìyókù jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà. Àlàfo ọjọ́ 35 ti àkọ́kọ́ kọjá owó oṣù kan; ọjọ́ 28 ti èkejì kò kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá rí àyè wo ìyókù láàárín ọjọ́ méjì, mẹ́ta ti wọ oṣù kejì. Àwọn ará Ìdúmọ̀tà á máa rẹ́rìn-ín.

Tiwa kì í gùn tó bẹ́ẹ̀. King of Boys: The Return of the King tí Kemi Adetiba ṣe ní 2021 jẹ́ ẹ̀písóòdù 7, Blood Sisters ti 2022 jẹ́ 4. Ìlànà "2 sí 6" kò ní nǹkan gidi kan tó lè sọ nípa síísìn tó jẹ́ pé mẹ́rin péré ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó sì di oṣù kìíní 2024, Amazon kéde pé Prime Video kò ní gbé iṣẹ́ tuntun fún àwọn ará Áfíríkà mọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe fíìmù níbí sì túbọ̀ yíjú sí YouTube.

YouTube ní òfin tirẹ̀, òfin náà sì ń tún ìtàn gé. Kí ìkànnì tó ń gbé fídíò gígùn jáde tó lè máa pín nínú owó ìpolówó, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni 1,000 tó ti tẹ subscribe àti wákàtí 4,000 tí àwọn ènìyàn fi wo fídíò rẹ̀ láàárín oṣù 12. Fídíò tó bá tó ìṣẹ́jú 8 ló lè gba ìpolówó láàárín, torí náà bí fíìmù bá ṣe gùn tó ni àyè ìpolówó ṣe pọ̀ tó. Owó tó ń wọlé lórí òǹwòran ní London tàbí Houston sì sábà máa ń ju ti ẹni tó ń wò ó ní Súrùlérè lọ. Àmọ́ ẹ̀rọ YouTube ò mọ̀ pé dandan ni kí apá kejì tẹ̀lé apá kìíní. Ohun tó bá rò pé ẹ ó fẹ́ ló máa gbé wá, ó sì lè jẹ́ fíìmù ìkànnì ẹlòmíì. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń kó méjèèjì sínú playlist kan, á gbé àwòrán apá kejì sójú ìṣẹ́jú-àáyá 20 tó kẹ́yìn, á sì fi ìlà tó gbé ènìyàn débẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ fídíò. Ẹni tí kò bá ṣe é, òun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ lé òǹwòran lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Ẹ mú síísìn kan tó jẹ́ ẹ̀písóòdù 8, ìṣẹ́jú 50 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 ni. Nínú ìpele àwòrán tí ènìyàn lè yàn, Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé Low ń jẹ nǹkan bí 0.3 GB ní wákàtí kan, Medium 0.7 GB, High lè tó 3 GB tí àwòrán bá jẹ́ HD, kó tó 7 GB tó bá jẹ́ 4K. Síísìn yẹn á jẹ 2 GB lórí Low, nǹkan bí 4.7 GB lórí Medium, 20 GB lórí HD. Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lè fi tó 50 nínú 100 lé owó wọn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 2 GB àti 20 GB ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Lójú fóònù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ní mọ ìyàtọ̀ Medium sí HD. Lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá, ó hàn gbangba.

Ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe wà nínú àkáǹtì lórí burausa: ẹ wọ profile tiyín, ẹ wá Playback settings, ẹ yan Low tàbí Medium. Ojú ìwé kan náà ni ẹ ti máa rí "Autoplay next episode in a series on all devices". Ẹ yọ àmì inú àpótí rẹ̀ kúrò. Ẹ ṣe é fún profile kọ̀ọ̀kan, torí pé èyí tí ẹ ṣe lórí tiyín kò kan ti àwọn ọmọ. Lórí áàpù fóònù, App Settings ni, ẹ yan Save Data, tí Netflix sọ pé 1 GB á gbà tó wákàtí 6.

Àwọn tó ní Wi-Fi níbi iṣẹ́ máa ń wà á sórí fóònù lọ́sàn-án kí wọ́n lè wò ó lálẹ́. Ọgbọ́n tó dára ni, àyàfi pé àwọn fíìmù kan ní gbèdéke. Òmíràn á parí lẹ́yìn ọjọ́ 7, òmíràn lẹ́yìn wákàtí 48 tí ẹ bá ti tẹ play. Ẹni tó wo ìdajì lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, tí òde ìgbéyàwó gba Àbámẹ́ta rẹ̀, tí bátìrì fóònù kú ní ọjọ́ Àìkú, lè bá a ní Ọjọ́ Ajé pé kò ṣí mọ́.

Iná wá ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n LED oníínṣì 32 ń jẹ nǹkan bí wáàtì 50. Wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta yúnítì kan lọ. Owó iná fún síísìn kan kéré jọjọ. Rírí i ni iṣẹ́. Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín àwọn oníbàárà iná sí, ìlànà sì ni pé kí Band A rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, Band B 16, Band C 12, Band D 8, Band E 4. Wákàtí mẹ́rin gba ẹ̀písóòdù mẹ́rin àti àjẹkù ìkarùn-ún, ìyẹn tó bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó ṣe ìlérí pé yóò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò ràn án lọ́wọ́ tó bí ènìyàn ṣe rò, torí pé ẹ́ńjìnì ń jẹ epo nítorí pé ó ń yí, ì báà jẹ́ wáàtì 50 péré ló wà lórí rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń wo síísìn ní Èkó nìyí: ẹ̀písóòdù méjì lójú tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó mú iná lọ, ìdajì ìkẹta lórí fóònù nínú òkùnkùn, ìyókù rẹ̀ nínú BRT láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkẹrin níbi tí jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì wà. Ẹni náà á sọ fún yín pé òun wo síísìn náà tán "lẹ́ẹ̀kan náà", kò sì purọ́. Kò wo nǹkan mìíràn láàárín rẹ̀, kò ronú nǹkan mìíràn. Nínú ìwé olùwádìí, ó wà níbẹ̀ pé ìjókòó mẹ́rin ni, kò sì sí ọ̀kan tó tó ẹ̀písóòdù 3.

Lórí ọ̀rọ̀ oorun, iṣẹ́ tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ni èyí tí Exelmans àti Van den Bulck ṣe ní Belgium, tó jáde ní 2017. Ẹni 423 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 18 sí 25 ni wọ́n bi léèrè. Àwọn tó ń wo síísìn tẹ̀léra ròyìn oorun tí kò dára àti àárẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ohun tó sì so méjèèjì pọ̀ ni pé ọkàn wọn ṣì ń sáré lórí ìtàn nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Ẹ má ka ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ: ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan ni, kò lè sọ bóyá síísìn ló ba oorun jẹ́ àbí ẹni tí kò rí oorun sùn ló ń wá síísìn wò. Ní Èkó, ẹ ó tún fi ooru, ẹ̀fọn, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti aago ìjí kún un. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síísìn oníẹ̀písóòdù 8 wa ní agogo mẹ́wàá alẹ́ á parí rẹ̀ ní agogo mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ìgbà tí àwọn ará Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island ti ń wá ọkọ̀.

Lórí ìrántí, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Melbourne pín akẹ́kọ̀ọ́ sí mẹ́ta: àwọn kan wo síísìn oníẹ̀písóòdù 6 lóòjọ́ kan, àwọn kan wo ọ̀kan lójúmọ́, àwọn kan wo ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tó wò ó lóòjọ́ kan ló rántí jù. Lẹ́yìn ọjọ́ 140, àwọn náà ló ti gbàgbé jù, wọ́n sì sọ pé eré náà ò dùn mọ́ àwọn tó bó ṣe dùn mọ́ àwọn yòókù. Kò yà wá lẹ́nu. Ìtàn tí aládùúgbò bá yín jiyàn lé lórí fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ti tún un sọ kí ẹ tó wo èyí tó tẹ̀lé e.

Ẹni tó bá wá fẹ́ wọn ìwà yìí dáadáa ní Èkó, kó má fi "Ẹ̀písóòdù mélòó lo máa ń wò ní ìjókòó kan?" bẹ̀rẹ̀ ìwé ìbéèrè rẹ̀. Ènìyàn ò rántí, ẹni tó bá rántí sì máa ń dín in kù tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ló ń bi í. Ìwé àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ló sàn jù, ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹni náà bá tẹ play: aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó dúró, ẹ̀rọ tó fi wò ó, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ohun tó dá a dúró. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n á mú nínú rẹ̀: iná lọ, dátà tán, bátìrì kú, oorun gbé mi, wọ́n pè mí, mo dé ibi tí mò ń lọ, ó sú mi, ó parí. Tí "ó sú mi" àti "ó parí" bá kéré sí ìdajì, ẹ ti rí ohun tí ìwé àwọn ará òkè òkun ò lè sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò rẹ̀ ní ọ̀nà méjì: iye ẹ̀písóòdù ní ìjókòó kan, àti iye wákàtí tó kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ síísìn dé òpin rẹ̀ láìwo nǹkan mìíràn láàárín. Ẹ kọ Band iná ilé ẹni kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ má bàa pe àìníná ní ìkóra-ẹni-níjàánu.

Fáìlì látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ lè ran àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní pàkúté. Èyí tí Netflix ń fúnni lójú ẹsẹ̀ níbi Viewing activity kò ní ju orúkọ fíìmù àti ọjọ́ lọ. Ẹ ní kí ẹni náà béèrè fún odindi ìsọfúnni tirẹ̀. Ìyẹn ló ní aago ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, àti irú ẹ̀rọ. Aago inú rẹ̀ jẹ́ UTC, aago àpapọ̀ àgbáyé, wákàtí kan sì ni Èkó fi ṣáájú rẹ̀, torí náà ohun tó wà nínú fáìlì ní agogo mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ Àbámẹ́ta, agogo méjìlá àbọ̀ òru mọ́jú Àìkú ni níbí. Ẹni tí kò bá fi wákàtí kan kún un á ṣi gbogbo òru rẹ̀ kà. Ẹ tún yọ àwọn tó jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kúrò, torí pé fídíò ìpolówó tó ń ṣí fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ti YouTube, Google Takeout ni, ibi tí Google ti ń fún ènìyàn ní ẹ̀dà ìsọfúnni rẹ̀. Ẹ yan JSON dípò HTML fún history kí kọ̀ǹpútà lè kà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó máa sọ fídíò tí wọ́n ṣí àti aago tí wọ́n ṣí i, kò ní sọ bóyá ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ni wọ́n wò ó tàbí wákàtí méjì. Èyí tó wà lórí flash àti èyí tí wọ́n rí gbà lórí Telegram ò sí nínú fáìlì kankan.

Ẹ kọ́kọ́ fún ẹni márùn-ún ní àkọsílẹ̀ náà dánwò, kí méjì nínú wọn jẹ́ ẹni tó ju ọmọ ọdún 50 lọ, kí ẹ tó tẹ igba ẹ̀dà. Ẹ béèrè iye ènìyàn tó ń lo profile kan náà, torí ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi profile kan wo eré ọmọdé láàárọ̀, eré Korea lọ́sàn-án àti fíìmù ọ̀daràn lóru. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yín lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, àwọn yòókù ò sì mọ̀ pé ẹ ti rí ohun tí àwọn ń wò ní agogo méjì òru. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo àgbàlagbà inú ilé, ẹ yọ ti àwọn ọmọdé kúrò, ẹ sì fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ kí fáìlì náà tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ni ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí.